Bẹ́ ẹ ṣe máa to láàbù ojú ọjọ́ oníkọ̀ǹpútà sí yunifásítì yín ní Èkó

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá, ẹ̀yin olùkọ́ jọ́gíráfì, ẹ̀yin ará físíìsì, ẹ̀yin tẹkinọ́lọ́jísì: "Wọ́n ti fún wa ní rúùmù, owó díẹ̀ sì ti wọlé, kọ̀ǹpútà mélòó ká rà?" Ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Kọ̀ǹpútà kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ láàbù ojú ọjọ́. Àkọsílẹ̀ tí ò já ló ń sọ rúùmù di láàbù, káwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí òjò tó rọ̀ lóru Sátidé nínú ẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, pẹ̀lú aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dá. Tí àkọsílẹ̀ yẹn bá ń já, kẹ́ ẹ ra ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà, sàíbà káfè lẹ kọ́.

Torí náà bí mo ṣe máa tò ó nìyí: ìta ṣáájú, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn ojú ọjọ́, iná tẹ̀lé e, kọ̀ǹpútà kẹ́yìn. Èkó ni mo ní lọ́kàn o, bóyá Akoka lẹ wà, Yábà, Ọ̀jọ́, Ìkòròdú, àbí Ìsàlẹ̀ Èkó níbi tí ilé ti fún pọ̀ tí ẹ ò lè rí ilẹ̀ gbalasa.

## Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan

1. Ẹ kọ ohun táwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi láàbù náà ṣe sílẹ̀, kó má ju ojú ìwé kan lọ. Ṣé kí wọ́n mọ ohun èèlò ìwọ̀n lò ni? Ṣé kí wọ́n ya máàpù òjò? Àbí ẹ fẹ́ máa ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fúnra yín? Ìkẹta yìí ló ń jẹ owó kọ̀ǹpútà, méjì àkọ́kọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́.
2. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ náà máa wà lọ́rùn ẹ̀. Mi ò sọ kọmitíì o. Ẹnì kan tó ní kọ́kọ́rọ́, tó ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè, tẹ́ ẹ sì ń fún ní owó mọ́tò àti owó dátà. Iṣẹ́ gbogbo wa, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń parí.
3. Ẹ lọ rí àwọn NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ti Nàìjíríà, kẹ́ ẹ tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní Òṣòdì níbí, ó sì wà lára àwọn tí WMO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, fọwọ́ sí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ tó bá yẹ kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá wọ́n á bá yín fi ohun èèlò yín wé tiwọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.
4. Ẹ má ná gbogbo owó sórí ríra. Yálà TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, ló fún yín ni o, yálà ẹlòmíì ni o, ẹ yọ owó bátìrì, owó sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń wọn ooru, òjò tàbí atẹ́gùn) àpààrọ̀ àti owó íntánẹ́ẹ̀tì ọdún mẹ́ta sílẹ̀. Tí bọ́sárì bá ní kẹ́ ẹ ná an tán kó má bàa padà, ẹ ra sẹ́ńsọ̀ ní méjì-méjì dípò kẹ́ ẹ fi kọ̀ǹpútà márùn-ún kún un.

## Ibi tẹ́ ẹ máa gbé ohun èèlò sí

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí tí ibi tẹ́ ẹ gbé e sí ò bá dáa, kò sí sọ́fúwià tó máa tún un ṣe lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ní Èkó ni "ẹ jẹ́ ká gbé e sórí dẹ́kìn, olè ò ní dé ibẹ̀." Òótọ́ ni, olè ò ní dé ibẹ̀. Àmọ́ kọnkéré tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀ ń tú ooru jáde, ẹ̀yìn éésì mẹ́fà ń fẹ́ ooru sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ooru ilé lẹ ń wọ̀n yẹn, kì í ṣe ti ojú ọjọ́.

1. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó ní koríko, tí omi kì í dá sí. Ẹ bi àwọn síkiọ́ríìtì pé ibo lomi máa ń dé nínú oṣù kẹfà, wọ́n mọ̀ ọ́n ju ẹnjiníà lọ. Àpótí dátà lọ́gà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá wọ̀n sílẹ̀, gbọ́dọ̀ ga ju ibẹ̀ lọ dáadáa.
2. Ẹ wọn gíga ilé, igi àti ògiri tó wà nítòsí. Ẹ̀rọ ìwọn-òjò gbọ́dọ̀ jìnnà sí wọn ní ìlọ́po méjì gíga wọn ó kéré tán, ìlọ́po mẹ́rin ló dáa jù. Ti atẹ́gùn le ju ìyẹn lọ, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Tí ògiri bá ga ní mítà 5, mítà 10 sí 20 nìyẹn fún òjò, mítà 50 fún atẹ́gùn.
3. Sẹ́ńsọ̀ ooru àti ti ọ̀rinrin, ẹ gbé e sókè ní mítà 1.25 sí 2 láti ilẹ̀, nínú àpótí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ti atẹ́gùn, mítà 10 lórí òpó.
4. Wáyà nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi ṣe ọgbà yí i ká, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù á dí atẹ́gùn, á sì tún máa tú ooru.
5. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ sí àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yà á lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, fọ́tò yẹn ló máa ṣàlàyé ìdí tí atẹ́gùn fi já wálẹ̀ nínú dátà yín.

Tó bá jẹ́ pé ọgbà yín fún, tí ẹ ò rí mítà 50 níbì kankan, ẹ pín in sí méjì: òjò àti ooru lórí koríko, atẹ́gùn lórí òpó tó ga dáadáa ju òrùlé lọ. Kò burú, kẹ́ ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òrùlé ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi wé ti pápákọ̀ òfuurufú bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra náà fún àríwá tẹ́ ẹ máa kọjú ẹ̀rọ atẹ́gùn sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ fóònù, wọ́n á dúró ti òpó irin, wọ́n á tan kọ́ńpáàsì, irin yẹn á sì fa kọ́ńpáàsì náà kúrò ní àríwá. Ẹ lọ sórí máàpù sátẹ́láìtì, ẹ wá nǹkan tó hàn dáadáa láti ibi òpó yín, bíi táńkì omi tàbí òpó tẹlifóònù, ẹ fi máàpù yẹn mọ igun tó wà sí àríwá, ẹ wá tò ẹ̀rọ atẹ́gùn sí i.

## Ohun èèlò tẹ́ ẹ máa rà

Fún ìkọ́ni, irú ibùdó ojú ọjọ́ Davis Vantage Pro2 ti tó. Fún ìwádìí tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde, ẹ lọ sórí dátà lọ́gà tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ ṣeé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, irú ti Campbell Scientific tàbí Vaisala. Orúkọ ò jọ mí lójú tó ìbéèrè mẹ́ta yìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó:

- Tí sẹ́ńsọ̀ kan bá bàjẹ́, ṣé mo lè rà á nìkan, àbí màá ra gbogbo ẹ̀ padà?
- Ṣé mo lè fa dátà mi jáde láìsan owó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni?
- Ṣé ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò wà, ọjọ́ wo ni wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ má ra thẹ̀mọ́mítà oní mákúrì, Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, ti fi ọdún 2020 ṣe òpin fún ṣíṣe wọn, kíkó wọn wọlé àti kíkó wọn jáde, tó bá sì fọ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, wàhálà ni. Àmọ́ ẹ ra ohun ìwọn-òjò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi ojú kà, ẹ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníkọ̀ǹpútà. Òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Òpó, ẹ lè lọ gé páìpù ní Òwódé Onírin, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi síńkì bò. Síkúrù àti bóòtù kó jẹ́ stainless. Iyọ̀ òkun ò mọ̀ pé yunifásítì ni, tẹ́ ẹ bá wà nítòsí ọ̀sà tàbí òkun, ẹ máa rí nǹkan funfun bí ẹfun tó ń hù lẹ́nu síkúrù láàárín oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ló máa dípẹtà, tí ẹ ò sì ní rí i tú mọ́. Ẹ fi gírísì sí i láti ọjọ́ kìíní.

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ ìwọn-òjò jáde síta, ẹ dán an wò lórí tábìlì. Ká ní ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó 200 cm², tí kọ́ọ̀pù kékeré inú ẹ̀ sì ń yí dànù lẹ́ẹ̀kan fún òjò 0.2 mm, omi 4 ml ló ń yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rọra da omi 200 ml sí i, kó máa kán tó-tó-tó bí ìṣẹ́jú ogún, ó yẹ kó yí nígbà 50. Tẹ́ ẹ bá rí 44, ó ń jẹ omi yín nìyẹn, ẹ tún síkúrù abẹ́ ẹ̀ ṣe. Tẹ́ ẹ bá dà á gììrì, ó máa kà á kù, ẹ má wá sọ pé ó ti bàjẹ́.

## Iná

Ibí ni ọ̀pọ̀ láàbù kú sí.

1. Ẹ ya iná ìta sọ́tọ̀ kúrò lára iná rúùmù pátápátá. Dátà lọ́gà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, bátìrì 12 V kékeré àti páánẹ́lì sólà bíi 20 W ti tó o. Kò gbọdọ̀ tiẹ̀ mọ̀ pé NEPA ti mú iná lọ.
2. Ẹ kọjú páánẹ́lì sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bíi dígírì 10, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, òjò ò sí, ẹ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
3. Fún rúùmù, ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó lọ Aláàbà. Désíkítọ́ọ̀pù pẹ̀lú mọ́nítọ̀ lè jẹ tó 150 W, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ẹ̀ jẹ́ 2,250 W, kíláàsì wákàtí mẹ́rin jẹ́ 9 kWh. Tó bá jẹ́ mini PC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ni, bíi 50 W lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, 3 kWh péré ni fún kíláàsì kan náà. Owó tẹ́ ẹ fi pamọ́ lórí bátìrì á ra mini PC yẹn.
4. Éésì ò gbọdọ̀ wà lórí ínfátà, ẹ fi fáànù àti fèrèsé ṣe é.
5. Bátìrì tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Tí owó bá wà, ẹ ra lithium. Tó bá jẹ́ ti ásíìdì lẹ rà, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìlàjì lọ kẹ́ ẹ tó gba iná sí i.
6. Ẹ sẹ́ẹ̀tì sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú dátà, kó máa kú jẹ́ẹ́ tí UPS (bátìrì ìpamọ́ ẹ̀) bá fẹ́ tán, kó sì máa tan fúnra ẹ̀ tí iná bá dé. Nǹkan kékeré ni, ìṣẹ́jú márùn-ún, àmọ́ àìṣe é ló ń jẹ́ kí sẹ́fà kú ní Fúráídè tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ títí di Túsìdeè.
7. Àrá. Ẹ ri irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ fún òpó, kẹ́ ẹ má sì fa kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníbàbà láti òpó wọ inú rúùmù. Àrá á gba inú ẹ̀ wọlé, á jó gbogbo switch (ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà pọ̀) yín. Ẹ lo fibre tàbí wáyálẹ̀ẹ̀sì.

## Rúùmù àti kọ̀ǹpútà

Èyí ló rọrùn jù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

- Sẹ́fà kan: Linux Ubuntu, RAM 64 GB, bíi core 16, dísìkì méjì tó ń kọ nǹkan kan náà.
- Kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́: RAM 8 GB àti SSD ti tó. Ẹ lè rí èyí tó mọ́ ní Computer Village n'Íkẹjà, kẹ́ ẹ ṣáà tan án lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.
- Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan síta ní kọ́rídọ̀, tó ń fi ojú ọjọ́ ìsinsìnyí hàn. Ẹ má fojú di èyí o, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé láàbù wà láàyè.
- Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọgbà, pẹ̀lú 4G kan tó wà ní ìpamọ́. Sẹ́fà ni kó máa fa nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóru, káwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá máa gbà á lọ́dọ̀ ẹ̀ nípasẹ̀ kébù inú rúùmù.
- Sọ́fúwià tẹ́ ẹ máa fi ṣírò dátà, tẹ́ ẹ máa fi ya gíráàfù àti máàpù: Python pẹ̀lú xarray, MetPy àti Cartopy, R, QGIS, Panoply. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi sọ́fúwià kíráàkì tó kún fún fáírọ́ọ̀sì ṣe?

## Dátà: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀

1. Ẹ fi aago dátà lọ́gà sí UTC, ìyẹn aago àgbáyé, kẹ́ ẹ má yí i padà láéláé. Wákàtí kan la fi ṣáájú ẹ̀, aago méje àárọ̀ Èkó jẹ́ aago mẹ́fà UTC. Gbogbo dátà tó ń bọ̀ láti òkèèrè ló wà ní UTC, tí tiyín bá jẹ́ ti Èkó, ẹ máa fi wákàtí kan ṣini lọ́nà nínú gbogbo gíráàfù.
2. Ẹ jẹ́ kó kọ sílẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ìlà 1,440 nìyẹn lójúmọ́, 525,600 lọ́dún, kò sì gba àyè. Fún atẹ́gùn, ẹ ṣírò àárín ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún kọ èyí tó le jù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3.
3. Dátà tútù, bó ṣe jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe ẹ̀dà kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.
4. Ẹ kọ ìlànà kékeré tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ooru Èkó tó bá wálẹ̀ ju 15°C lọ tàbí tó ju 40°C lọ, ẹ fura. Ooru tí ò mira rárá fún wákàtí mẹ́ta, sẹ́ńsọ̀ ti há. Atẹ́gùn tó jẹ́ òdo lóru lè jẹ́ òótọ́. Òjò tó jẹ́ òdo nínú oṣù kẹfà, tí omi sì wà nínú èyí tí wọ́n ń fojú kà, ihò ti dí.
5. Ẹ fi présọ̀ yín, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó, wé ti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed. DNMM lorúkọ ẹ̀ nínú METAR, ìyẹn ìròyìn ojú ọjọ́ tí àwọn pápákọ̀ òfuurufú máa ń gbé jáde, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín di ti ìpele òkun: téèyàn bá gòkè ní mítà 8, présọ̀ á dín ní bíi hPa 1 (hPa la fi ń wọn présọ̀). Tí sẹ́ńsọ̀ yín bá wà ní àjà kẹta, ìyẹn nìkan tó láti da iṣẹ́ yín rú. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe èyí, tí ìyàtọ̀ sì ju hPa 2 lọ lójoojúmọ́, sẹ́ńsọ̀ yín ti yẹ̀.
6. Ẹ̀dà mẹ́ta: sẹ́fà, dísìkì tó wà ní ilé mìíì lọ́tọ̀, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

## Dátà òkèèrè àti àsọtẹ́lẹ̀

ERA5, ìyẹn àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ gbogbo ayé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tò, láti ọ̀dọ̀ Copernicus ti ilẹ̀ Yúróòpù, lọ sẹ́yìn dé 1940, wákàtí-wákàtí ni, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. CHIRPS ti òjò bẹ̀rẹ̀ láti 1981. GFS, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, ń jáde nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ má fa gbogbo ayé wálẹ̀ o: fáìlì wákàtí kan ṣoṣo nínú GFS lè tó 500 MB, ẹ gé apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan. Kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àpótí kan lórí máàpù ERA5 fẹ̀ tó kìlómítà 31, ní Èkó, ìyẹn lè kó ilẹ̀, ọ̀sà àti òkun pọ̀ sójú kan, ìdí nìyẹn tí ooru ẹ̀ kì í fi í bá ti Mushin mu lọ́sàn-án.

WRF, ìyẹn sọ́fúwià tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ni ọ̀pọ̀ fẹ́, mo mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, orí Linux ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré: bọ́kìsì ńlá kan tó kó gúúsù Nàìjíríà, tẹ́ ẹ pín sí ojú kìlómítà 9-9, inú ẹ̀ bọ́kìsì kékeré fún Èkó, tẹ́ ẹ pín sí ojú kìlómítà 3-3. Dátà ilẹ̀ ẹ̀ nìkan ju 20 GB lọ tẹ́ ẹ bá tú u, ẹ fi oru fà á. Ìṣísẹ̀ aago WRF, ìyẹn bí aago ṣe ń fò síwájú lẹ́ẹ̀kan nínú ìṣírò ẹ̀, ní ìṣẹ́jú-àáyá ò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà kìlómítà yẹn lọ, ìyẹn 54 fún 9, 18 fún 3. Tó bá ń dákú láàárín ọ̀nà, ẹ dín in kù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe yín. Ẹ má fi àsọtẹ́lẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo ayé lórí WhatsApp, iṣẹ́ NiMet nìyẹn, ẹ̀kọ́ ni tiyín.

## Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WRF. Ẹ fún wọn ní présọ̀ ọjọ́ méje, kí wọ́n yà á. Wọ́n á rí i tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, á wálẹ̀ ní bíi aago mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bóyá òjò rọ̀ bóyá kò rọ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rí pé nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lórí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ọjọ́ kan tí ìjì àti àrá jà láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, kí wọ́n ya atẹ́gùn, ooru àti présọ̀ sórí ìwé kan náà: atẹ́gùn á yí lójijì, á máa fẹ́ wá láti ìlà-oòrùn, présọ̀ á fò sókè, ooru á já wálẹ̀, òjò á wá tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ ya ìyẹn, kò ní sùn ní kíláàsì yín mọ́.

## Ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀:
- Ẹnu ẹ̀rọ òjò: ewé, ìdọ̀tí ẹyẹ, ilé agbọ́n. Tí igi fúrúùtù bá wà nítòsí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.
- Páánẹ́lì sólà àti fóltéèjì bátìrì.
- Ṣé dátà àná wọlé pé?

Lóṣooṣù:
- Inú àpótí lọ́gà: aláǹtakùn, ọmọńlé, ìrì. Ẹ fi fóòmù dí ibi tí kébù ń gbà wọlé.
- Síkúrù, gírísì, okùn tó di òpó mú.
- Koríko, ẹ gé e.

Lọ́dún: ẹ tún ẹ̀rọ òjò dán wò lórí tábìlì, ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin tó bá ti ń ṣàṣejù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, ó ń tètè gbó.

## Tówó ò bá tó

Ẹ fi kọ̀ǹpútà àti WRF sílẹ̀. Ẹ ra ibùdó kékeré kan, ohun ìwọn-òjò kan tí wọ́n ń fojú kà, láptọ́ọ̀pù kan, káwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lo tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní kóòdù lórí ẹ̀rọ tí ò lágbára, Google Colab wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún kọ̀wé sí TAHMO, àwọn yẹn ń gbé ibùdó ojú ọjọ́ sí ọgbà ilé ìwé káàkiri Áfíríkà, ẹ bi wọ́n bóyá àyè wà fún yín. Tí ẹ ò bá rí ẹnikẹ́ni gbà yín, ẹ ṣì lè fi METAR DNMM àti ERA5 kọ́ni fún sẹ́mẹ́sítà kan gbáko kí òpó tó dé, ẹ ṣáà sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Ìkẹjà ni METAR yẹn ti wá, kì í ṣe ẹ̀yìn kíláàsì wọn.